Àmì Kẹtàlá Lẹ́nu Ọ̀nà Màmá Àyọ̀ká

Mo ti fi ìka kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rántí pé wọn kì í kan ilẹ̀kùn mọ́ ní Òkè Ẹfun. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, ọwọ́ mi kò sì tíì gbàgbé ilé onílẹ̀kùn pákó tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo na ọrùn-ọwọ́ sí dígí kékeré tó wà lára ògiri. Ó ka ike tí wọ́n rì sábẹ́ awọ mi, ó sì kígbe sínú ilé pé, "Awádìí orí ti dé. Ẹ dìde fún un."

"Ẹni tí orí ń fọ́ ni wọ́n ní kó dìde," ohùn kan dáhùn láti inú yàrá. "Wọlé, Àjàgbé. Mi ò lè dìde."

Inú yàrá náà funfun báláú. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú wa ṣe rí. Ihò tí àwọn awakùsà ti wa òkúta funfun láyé àwọn baba wa ni Òkè Ẹfun. Nígbà tí oòrùn òkè di ohun tí èèyàn kò lè rìn lábẹ́ rẹ̀ mọ́, a fi dígí bo ihò náà lórí, a sì kó wọ ibẹ̀. Ẹ̀fọ́ là ń gbìn sára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan, òun là ń jẹ, kò sì gbọdọ̀ wà lókùnkùn. Nítorí náà iná tó wà lórí ihò, tó ń gba fèrèsé wọlé, kì í kú. Ẹ̀fọ́ kì í sùn, àwa náà sì ń bá a ṣàìsùn. Aago oorun tí Ìgbìmọ̀ tó ń darí ìlú ń pín fún wa wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àárọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, á di ìrọ̀lẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú wa kò sì mọ èwo ni kó tẹ̀ lé.

Màmá Àyọ̀ká dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó fi gèlè bo ojú rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Òun àti Àwẹ̀ró, ìyá tó bí mi, ni wọ́n jọ gbé inú àgbàlá kan náà ní ìlú wa àtijọ́. Onídìrí ni, òun ló di irun ìyá mi lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, òun nìkan ló kù ní gbogbo Òkè Ẹfun tó ń pè mí ní Àjàgbé. Àwọn yòókù ń pè mí ní Ọ̀gá Ọládòkun, wọ́n á sì dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ohun tí mo wá ṣe.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni mo fẹ́ sọ yìí. Wọ́n gbẹ́ ẹ sójú òkúta lẹ́nu ibodè Ìgbìmọ̀ pé: GBOGBO Ẹ̀FỌ́RÍ LÓ NÍ OHUN KAN TÓ FÀ Á. Bí túúlu bá mú ẹnìkan, ìyẹn ẹ̀fọ́rí tó ń fọ́ ìdajì orí, tó ń mú èébì wá, tí kì í jẹ́ kí ojú gba ìmọ́lẹ̀, awádìí á lọ fi agbọ́rí sí onítọ̀hún lórí. Agbọ́rí á dárúkọ ohun tó fà á. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun náà kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹni náà mọ́, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn ní ogún ìṣísẹ̀ níta. Awádìí á wá gbé àmì funfun kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, orúkọ ohun náà á wà lára rẹ̀. Àmì ti di ohun àmúyangàn láàárín wa. Mo mọ àwọn àna tó ka àmì ẹnu ọ̀nà ọkọ ìyàwó kí wọ́n tó gbà pé ó wá láti ilé rere.

Méjìlá ló wà lẹ́nu ọ̀nà Màmá Àyọ̀ká. Obì, kọfí, irú, wàrà, lọ́fíńdà, ẹja gbígbẹ, ọsàn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé orí irun dídì, tí í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo gbé gbogbo wọn kọ́, láàárín ọdún mọ́kànlá. Túúlu kò sì yé mú un. Eléyìí ni ẹlẹ́ẹ̀kejì lóṣù yìí. Bó bá pé mẹ́ta, òfin ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Gbọ̀ngán Ìdákẹ́ ní ìsàlẹ̀ ihò, níbi tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀, tí oúnjẹ kò ní adùn, tí àlejò kò sì gbọdọ̀ dé. Mo ti mú èèyàn mẹ́sàn-án lọ síbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. N kò tíì rí ọ̀kan kó padà gòkè wá. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ní láti rí ohun tó ń fọ́ ọ lórí, bí n kò bá fẹ́ kó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá.

"Ṣé ẹnu yín mọ́, Màmá?" mo bi í.

"Láti àárọ̀ àná. Omi pàápàá, mi ò tọ́ ọ wò."

Wákàtí mẹ́ta ni òfin wí pé kí èèyàn fi gbààwẹ̀ kí awádìí tó dé, kí agbọ́rí má baà fi oúnjẹ àárọ̀ pe ohun tó fa àìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wá. Bí wọ́n bá ní ká kúnlẹ̀, a ó dọ̀bálẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ti di odindi ọjọ́ kan, àwọn onílé tó gbayì sì ń ṣe é ní ọjọ́ méjì. Ọ̀wọ̀ awádìí ni wọ́n ń pè é, inú mi sì máa ń dùn sí i, n kò ní purọ́.

Mo fi agbọ́rí sí i lórí. Fìlà wáyà kan tó so mọ́ àpótí onídígí kékeré ni, ó fúyẹ́, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó kùn díẹ̀, ó ní, "Àdín. Mo fura sí àdín."

Màmá Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín lábẹ́ gèlè. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì mú ìgò kékeré kan jáde, àdín dúdú wà nínú rẹ̀, kò ju ìdajì lọ. Òun ló kù nínú gbogbo ohun èlò ìdirun rẹ̀. Òórùn rẹ̀ bọ́ sí mi nímú, mo sì rí àgbàlá wa lójú ẹsẹ̀: igi òdán, àpótí ìjókòó, àwọn obìnrin tó tò sílẹ̀ de Àyọ̀ká, àti ìyá mi tó ń fi ìtàn pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó dùn mí débi pé mo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé o máa gbé e lọ?" ó bi mí.

"Òfin ni, Màmá."

"Gbé e. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n tèmi lẹ ti ń bẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ́ ẹ tán. Kí o tó gbé e lọ ṣá, wá jókòó síbí."

"Màmá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Èmi náà wà lẹ́nu tèmi. Jókòó."

Ó rọra gbéra jókòó sórí ẹní. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé ẹ̀yìn ti eékún rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ta àdín sí ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka tẹ orí mi, láti iwájú lọ sí ìpàkọ́. Nígbà tó dé ẹ̀bátí òsì, ó dúró.

"Ìwọ náà ń ní in," ó ní.

"Rárá o."

"Àjàgbé, mo ti fi ogójì ọdún di irun. Kó tó di pé obìnrin sọ̀rọ̀, ìka mi ti máa ń sọ fún mi pé kò sùn, tàbí ọkọ rẹ̀ bá a jà. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ le bí igi. Ó ti tó ìgbà wo?"

N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Awádìí tí orí ń fọ́ kò yàtọ̀ sí panápaná tí ilé rẹ̀ ń jóná. "Ọdún mẹ́sàn-án," mo ní.

"Ìyá rẹ ní in. Ìyá tó bí ìyá rẹ náà ní in, ọwọ́ mi kan tiẹ̀ náà kó tó kú. Èwo lo máa wá yọ nínú ilé rẹ tó máa yọ Àwẹ̀ró kúrò lára rẹ?"

Ó ń bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó bi mí pé, "Bí túúlu bá mú Àwẹ̀ró nígbà náà, kí là ń ṣe?"

Mo rántí. Báwo ni n kò ṣe ní rántí? Bàbá mi á ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata lójúde á pa ẹ̀rọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, á ní, "Àwẹ̀ró tún ti dùbúlẹ̀ nìyẹn." Àyọ̀ká á tú irun rẹ̀ bó bá le jù. Wọ́n á fi aṣọ tútù sí i níwájú orí, wọ́n á po ẹ̀kọ tútù díẹ̀ fún un, àwa ọmọdé á sì máa rìn lórí ìka ẹsẹ̀. Bí iná bá lọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, oore ńlá ni, bẹ́ẹ̀ a máa ń ṣépè fún àwọn oníná nígbà yẹn o, a kò mọ̀ pé òkùnkùn tí wọ́n ń dá sí wa lára á di ohun tí a ó máa ṣàárò. Lówurọ̀ ọjọ́ kejì ìyá mi á jí, á fọ ojú, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lẹ́bàá àdògán. Túúlu kò kúrò lára rẹ̀ títí tó fi kú, ṣùgbọ́n kò gba ayé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ kò bi í pé kí ló fà á?" mo ní.

"A bi í. A bi í pé ṣé o sùn, ṣé o jẹun, ṣé o mu omi, ta ló bí ọ nínú, ṣé nǹkan oṣù rẹ ti sún mọ́lé. A ò bi í pé èwo nínú wọn." Ó da gèlè padà sójú, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń gún un. "Ẹrù ni, Àjàgbé. Orí tìrẹ àti tèmi kì í lè gbé ẹrù púpọ̀, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ebi nìkan, á rù ú. Ebi àti àìsùn, á gbìyànjú. Tí o bá tún wá di oòrùn àti ìbànújẹ́ lé e, ọrùn á ṣẹ́. Irun tó le jù náà ń dá kún un, èmi tí mo di í ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá bá èèyàn sọ ọ̀kan tàbí méjì kalẹ̀, á ru ìyókù délé. Ẹ̀yin wá ń wá ọ̀kan ṣoṣo kiri, ẹ sì ń di tiyín lé e."

"Tiwa bí i ti kí ni?"

"Ìgbà wo ni ẹ̀fọ́rí yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ ní ọ̀sán àná."

"Ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ rẹ?"

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bi ọmọ léèrè ìṣirò. Mo ní kí agbọ́rí fi gbogbo ọjọ́ tí orí fọ́ Màmá Àyọ̀ká hàn mí láti ọdún mọ́kànlá, kó sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìbẹ̀wò mi. Wọ́n hàn lójú dígí rẹ̀. Mo gba obì tó ti ń jẹ láràárọ̀ fún ogójì ọdún, lọ́jọ́ kejì orí fọ́ ọ. Mo wá wo orí náà, mo gba kọfí, lọ́jọ́ kejì orí tún fọ́ ọ. Mo wá gba irú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbẹ̀wò olóṣooṣù bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí orí kò fọ́ ọ ní ọjọ́ tó ṣáájú, ọjọ́ ààwẹ̀. Bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ lójú ìwé náà ni mo rí àlàfo oṣù mẹ́rin, nígbà tí wọ́n rán mi lọ ṣiṣẹ́ ní ihò kejì, tí ẹnikẹ́ni kò wá síbí.

"Oṣù mẹ́rin tí mo fi lọ, ṣé orí fọ́ yín?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Mo jẹun, mo sùn, ó lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo rántí àwọn mẹ́sàn-án tó wà nísàlẹ̀. Bàbá arúgbó kan wà nínú wọn tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta dè mí, tó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń mú un lọ. Ojú tì mí. Bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí ni, Màmá?"

"Mo fura."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Kí n ní kí o má wá mọ́?" ó ní. "Ta ló tún ń wá?"

Àdín ń ṣàn sí mi létí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, mo sì rí i kedere. Bí mo bá dárúkọ àdín, màá gba àdín, àmọ́ oṣù náà kò tíì parí: wọ́n á rán mi padà wá láti yẹ̀ ẹ́ wò, Màmá á gbààwẹ̀, túúlu kẹta á dé. Bí mo bá kọ̀ láti dárúkọ ohunkóhun, awádìí mìíràn ni wọ́n á rán, Màmá á sì gbààwẹ̀ ọ̀wọ̀ fún onítọ̀hún náà. Mo fa agbọ́rí mọ́ra. Mo ní, "Fi ìbẹ̀wò awádìí kún àwọn ohun tí ò ń wò."

Agbọ́rí kùn, ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Awádìí," ó ní. "Ó dá mi lójú."

Màmá Àyọ̀ká ṣí gèlè kúrò lójú. Ó tètè yé e jù mí lọ. Kò ní sí awádìí kankan tó máa lè wọ ilé rẹ̀ mọ́. Bí kò bá sì sí awádìí, kò sẹ́ni tó máa ka túúlu rẹ̀ pé ó di mẹ́ta. Ṣùgbọ́n awádìí ni èmi náà. Iṣẹ́ wa kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń fi sílẹ̀. Ike tó wà lọ́rùn-ọwọ́ mi, ọjọ́ tí mo bá kú ni wọ́n ń yọ ọ́. Ogún ìṣísẹ̀ ni n ó máa fi jìnnà sí i, nílé àti lóde, títí ayé.

"Pa á rẹ́," ó ní.

"Màmá."

"Mo ní kí o pa á rẹ́. Kọ àdín sílẹ̀. Mo yọ̀ǹda àdín. Ẹ̀fọ́rí ni, mo ti mọ̀ ọ́n lára."

"Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sí Gbọ̀ngán, mi ò ní rí yín níbẹ̀ náà. Kí n kúkú má rí yín níbi tí ẹ ó ti máa jẹun."

"Wọ́n á bi ọ́."

"Ohun tí agbọ́rí wí ni mo kọ. Kí wọ́n bi agbọ́rí."

Ó wò mí títí. Omi wà lójú rẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá túúlu ló fà á. Ìtẹ̀ka rẹ̀ ni òfin ń béèrè kí àmì tó jáde, kò sì na ìka. Ó ní, "Ìyá rẹ á bi mí bí mo ṣe ṣe ọ́, tí mo bá dé ọ̀hún."

"Ẹ sọ fún un pé ẹ fún mi ní oúnjẹ."

"N kò fún ọ ní oúnjẹ."

"Ẹ jẹ́ ká jẹun nígbà náà."

Ìyẹn ló mú un rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo fún un ní omi, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi mu ife méjì. Mo po ẹ̀kọ tó wà nínú àwo, mo já ẹ̀fọ́ lára ògiri, mo sè é fìrí. Àwa méjèèjì jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Ó sọ ìtàn ìyá mi fún mi bó ti ń jẹun, ìgbà tí wọ́n jọ sá lọ wo eré ní ìlú kejì tí òjò sì ká wọn mọ́ inú ilé àjèjì, ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ rí ní gbogbo ayé mi. N kò dá a dúró. Mo mọ̀ pé n kò ní gbọ́ òmíràn.

Nígbà tó jẹun tán, mo bọ́ kóòtù iṣẹ́ mi, tó dúdú tó sì nípọn, mo sì ta á bo fèrèsé. Yàrá náà ṣú díẹ̀. N kò rí irú ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe mi.

"Ẹ̀fọ́ á rọ," Màmá Àyọ̀ká ní.

"Ẹ jẹ́ kó rọ."

"Ìwọ náà ta aṣọ sí tìrẹ, tó o bá délé. Kí o sì máa jẹun lásìkò. Má fi orí rẹ pamọ́ fún ìyàwó rẹ mọ́, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó bá ọ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

"Mo gbọ́, Màmá."

Ó na ìka. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbọ́rí, àmì sì yọ jáde, ó ṣì ń gbóná. Mo gbà á, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún níbẹ̀, àgbà ọkùnrin bíi tèmi. Ilẹ̀kùn ní kí awádìí jáde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo fẹ́ sọ ohun púpọ̀ fún un, mo fẹ́ tọrọ àforíjì ọdún mọ́kànlá, ṣùgbọ́n ó ti dùbúlẹ̀, ó yí ojú sí ògiri, ó sì ká ẹsẹ̀ kò.

"Máa lọ, Àjàgbé," ó ní. "Oorun ń kùn mí."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣètọ́jú orí rẹ̀, n kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Kó tó di pé mo dáhùn, ó ti ń mí ìmí ẹni tó sùn. Mo bọ́ bàtà mi, mo fi í há abíyá, mo sì rìn lórí ìka ẹsẹ̀ jáde, kí n má baà jí i.